Oòrùn, Àgbà àti Báírò Pupa

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi bá oòrùn ṣiṣẹ́, ojú mi méjèèjì sì ṣì ń ríran. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ dojú kọ fóònù, tí ẹ ń bi ara yín pé iṣẹ́ wo ni kí n yàn, ẹ sún mọ́bí. Iṣẹ́ tí mo fẹ́ sọ fún yín yìí, kò sí nínú ìwé tí wọ́n ń há fún yín nílé ẹ̀kọ́. Inú mi ń dùn bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ọwọ́ mi kò fẹ́ yá tó ẹnu mi.

Ẹ̀rọ kan wà tí ń wọn ìmọ́lẹ̀. Àwọn tó ń ṣe sólà ń lò ó, àwọn tó ń wo ojú ọjọ́ ń lò ó, àwọn tó ń ṣèwádìí ohun ọ̀gbìn náà ń lò ó. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ a máa darúgbó. Gíláàsì ojú rẹ̀ á ṣú díẹ̀ díẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í parọ́, kò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Níbi tí owó wà, wọ́n ní iná pàtàkì kan nínú yàrá dúdú tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Àwa kò ní. Àwa ní oòrùn, a ní òṣùpá, a sì ní ìràwọ̀. Àwọn mẹ́ta yìí la fi ń mú ẹ̀rọ tó bá ń parọ́, lórí òrùlé pẹrẹsẹ kan nítòsí Uwasota, ní ìlú Benin.

Ọmọ Ìkìrun ni mí. Ọkọ mi tó jẹ́ tíṣà ló mú mi wá sí Benin. Bí mo ṣe rí iṣẹ́ kò gùn: obìnrin kan nínú ẹgbẹ́ àwa Yorùbá ní ṣọ́ọ̀ṣì ló sọ pé ilé-iṣẹ́ kan ń wá ẹni tó ka sáyẹ́ǹsì tí kò sì bẹ̀rù àtigun òkè. Mo ti ka fisíìsì ní polí, mo sì ti gun igi máńgòrò dáadáa ní kékeré. Wọ́n gbà mí. Owó oṣù ńkọ́? Ó tó jẹun, kò tó yangàn. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ ká sọ̀rọ̀ gidi.

Ọ̀rọ̀ gidi ni Ọ̀gá Osaro. Ọmọ Ẹ̀dó pọ́ńbélé ni wọ́n, ṣùgbọ́n Ìbàdàn ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́, wọ́n sì gbọ́ Yorùbá débi pé bí o bá ń fi èdè wa sọ̀rọ̀ wọn lẹ́yìn, o ti wọ gàù. Wọ́n ga, wọ́n tín-ín-rín, wọn kì í bọ́ àkẹtẹ̀ kúrò lórí, àní nínú ọ́fíìsì. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé, wọ́n mú mi gun àkàsọ̀ lọ sórí òrùlé, wọ́n ṣí àpótí onígi kan. Ọ̀pá idẹ kúkúrú kan ló wà nínú rẹ̀, ó nípọn tó ọrùn ọwọ́ mi, gíláàsì wà lẹ́nu rẹ̀, wáyà sì so ó mọ́ àpótí kékeré kan tí abẹ́rẹ́ ń yí nínú rẹ̀.

Wọ́n ní, "Àgbà nìyí. Gbogbo ẹ̀rọ tí wọ́n bá kó wá láti ìlú mìíràn, ẹ̀gbẹ́ Àgbà la máa gbé e sí nínú oòrùn. Ohun tí Àgbà bá sọ la fi ń tún tiwọn ṣe. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ṣùgbọ́n bí ọrùn Àgbà fúnra rẹ̀ bá wọ́ ńkọ́?"

Mo ní, "A jẹ́ pé orí gbogbo ọmọ ọjà ló wọ́ nìyẹn, sà."

Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀. "O máa ṣe é. Má fọwọ́ kàn án."

Oṣù mẹ́ta gbáko ni n kò fi fọwọ́ kan Àgbà. Iṣẹ́ mi kò ju kí n gun òkè ní ìdájí, kí n wo sánmà, kí n sì kọ ohun tí mo bá rí. Ní ọjọ́ kìíní mo kọ pé, "Sánmà dára." Ọ̀gá Osaro fa ìwé náà ya. Ní ọjọ́ kejì mo kọ pé, "Sánmà mọ́." Wọ́n tún fà á ya. Wọ́n ní, "Ìyá Táyọ̀, ṣé ìwọ àti sánmà fẹ́ fẹ́ra yín ni, tí o fi ń yìn ín? Sọ ohun tí o rí." Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Mo délé, mo ròyìn fún ọkọ mi, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Nígbà tó yá ni wọ́n kọ́ mi ní ọgbọ́n àtàǹpàkò. O máa na ọwọ́ rẹ, o máa fi àtàǹpàkò bo oòrùn pátápátá, o ò gbọdọ̀ wo oòrùn fúnra rẹ̀ láéláé, etí àtàǹpàkò rẹ ni wàá wò. Bí etí àtàǹpàkò bá funfun bí omidùn, eruku tàbí ìrì wà lókè, máa lọ sílé. Bí ó bá jẹ́ búlúù títí tó fi kan èékánná rẹ, sáré lọ gbé ẹ̀rọ. Títí di òní, bí mo bá ń lọ sí Ekiosa lọ ra ata, mo máa ń na àtàǹpàkò sókè láàárín ọjà. Àwọn kan rò pé mo ń ṣàdúrà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti òróró. Nígbà ọyẹ́, gbogbo ayé ń fi òrí àti fasilíìnì para. Ọ̀gá Osaro kọ̀ ọ́ jálẹ̀. Ọwọ́ tó bá lọ́ràá lè fi ìka rẹ̀ sórí gíláàsì láìmọ̀, gíláàsì tó bá sì ti lọ́ràá ti di ojú tó ní ìpẹ́. Bí mo bá dé láàárọ̀, wọ́n á ní kí n na ọwọ́ méjèèjì, wọ́n á gbóòórùn rẹ̀. Bí ó bá ń rùn bí dòdò, ọṣẹ nù un, omi nù un. Gbogbo ọyẹ́ ni ọwọ́ mi fi ń funfun, tó ń sán. Ìyá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó rọra bi mí bóyá ọkọ mi kì í fún mi lówó ìpara.

Òfin tó ga jù ni ti báírò. Ìwé kan wà tí à ń kọ iṣẹ́ òòjọ́ sí. Báírò búlúù ni a fi ń kọ ohun tí ẹ̀rọ bá ṣe. Báírò pupa ni a fi ń kọ ohun tí ìwọ fúnra rẹ tàbí nǹkan mìíràn bá ṣe sí i: bí o bá sún ẹ̀rọ, kọ ọ́, bí o bá nu gíláàsì, kọ ọ́, kí o kọ aago tí o nù ún, bí o bá sín sí i lára, kọ ọ́. Nínu gíláàsì pàápàá, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ni a ti ń ṣe é, pẹ̀lú aṣọ òwú funfun. Bí o bá ti bẹ̀rẹ̀, o ò gbọdọ̀ nu nǹkan kan mọ́ títí wàá fi parí. Ọ̀gá Osaro máa ń sọ pé, "Ìwé tí kò bá ní pupa, n kì í gbà á gbọ́." Mo rò pé wọ́n ń ṣe àṣejù ni.

Ó yẹ kí n sọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí, kí ọ̀rọ̀ tó ń bọ̀ níwájú lè yé yín. Ẹ ronú nípa ẹni tó ń sẹ́ ògì. Afẹ́fẹ́ tó wà lókè wa, asẹ́ ni fún ìmọ́lẹ̀. Láàárọ̀, nígbà tí oòrùn ṣì wà nísàlẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ni ìmọ́lẹ̀ ti ń bọ̀, asẹ́ tó ń kọjá nínú rẹ̀ pọ̀. Bí oòrùn ṣe ń gòkè ni asẹ́ ń dín kù. Nítorí náà, láti ìgbà tí oòrùn bá ti yọ dáadáa títí dé nǹkan bí aago mẹ́wàá, à ń ka abẹ́rẹ́ Àgbà lemọ́lemọ́, à ń kọ nọ́ńbà, à ń fi àmì tó-tó sórí pépà onílà. Bí sánmà kò bá yí padà láàárọ̀ ọjọ́ náà, gbogbo àmì yẹn á tò sórí ilà kan ṣoṣo. A ó wá fi rúlà fa ilà náà lọ títí dé ibi tí asẹ́ kò sí rárá, bí ẹni pé a gbé Àgbà kọjá afẹ́fẹ́. Nọ́ńbà tó bá wà níbẹ̀ ni nọ́ńbà Àgbà. Oòrùn lókè lọ́hùn-ún kì í yí padà; bí nọ́ńbà ọdún yìí bá wálẹ̀ ju ti èṣí lọ, ojú Àgbà ló ń ṣú, a sì ti mọ bó ṣe ṣú tó.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo fa ilà tó gún, tí mo sì rí nọ́ńbà yẹn, mo tún un kà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Èmi Fọlákẹ́, tí n kò tíì wọ bàálù rí, mo mọ bí oòrùn ṣe rí níbi tí afẹ́fẹ́ kò sí. Mo sáré sọ̀kalẹ̀ lọ sọ fún ìyá tó ń sun ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́nu géètì. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó ní, "Madam, na how many you wan buy?" Mo ra méjì.

Ṣùgbọ́n Benin kì í ṣe ìlú tó rọrùn fún irú iṣẹ́ yìí. Òjò ń rọ̀ títí, bí òjò bá sinmi, eruku ọyẹ́ á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Àárọ̀ tó dára láàárín ọdún kan kò pọ̀. Èyí tó dára jù ni bí òjò kan bá ṣèèṣì rọ̀ láàárín ọyẹ́, tó fọ sánmà. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọdún wa dé nìyẹn. Mo máa ń jí kí adìyẹ tó jí. Táyọ̀ ọmọ mi, tó gbọ́ gbogbo Yorùbá tí mo ń sọ ṣùgbọ́n tí kì í fi dáhùn, á ní, "Mummy, you don dey go greet sun again?" Mà á ní bẹ́ẹ̀ ni, kí ó bá mi gbé agbòòrùn.

Bí àárọ̀ bá kọ̀, a máa ń yíjú sí òṣùpá, ní ìwọ̀nba ọjọ́ tó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ kún tàbí tó kún tán. Òṣùpá ní wàhálà tirẹ̀, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kì í dúró sójú kan, ìwé kan sì wà tí a fi ń ṣírò bó ṣe yẹ kó mọ́lẹ̀ tó lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan. Ti ìràwọ̀ kéré jù, ẹ̀rọ tirẹ̀ yàtọ̀, ṣùgbọ́n ọgbọ́n kan náà ni: ka ìràwọ̀ kan nígbà tó wà nísàlẹ̀, tún un kà nígbà tó bá gòkè. Nígbà kan iná àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé ní Ekosodin ń dí wa lọ́wọ́, Ọ̀gá sì rán mi lọ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n pa gílóòbù tí wọ́n gbé kọ́ ìta. Wọ́n pa á, mẹ́ta nínú wọn sì tẹ̀ lé mi wá wòran. Àwọn ló sọ mí ní Mama Sun, orúkọ náà sì mọ́ mi lára.

Wàyí o, àjálù.

Ọdún karùn-ún tí mo dé ẹnu iṣẹ́ ni. Ojú Ọ̀gá Osaro ń ṣú. Kì í ṣe oòrùn ló fà á o, ọjọ́ orí ni. Ìpẹ́ ni wọ́n ní. Wọ́n lọ ṣe iṣẹ́ abẹ, wọ́n sì fi Àgbà sílẹ̀ fún mi. Ẹ̀rọ mẹ́ta láti ìlú mẹ́ta ti wà nílẹ̀, wọ́n ń retí kí Àgbà gba nọ́ńbà tuntun kí a lè tún wọn ṣe. Dáírẹ́tọ̀ wa tuntun, ọkùnrin kan tó kéré sí mi lọ́jọ́ orí, ti ń sọ kiri pé iṣẹ́ orí òrùlé yìí ti di ti àtijọ́, pé òun fẹ́ pa á rẹ́ kí òun fi yàrá wa ṣe ibi ìgbàlejò. Ṣé ó ti yé yín ohun tó wà lọ́wọ́ mi? Iṣẹ́ ayé Ọ̀gá Osaro ni, àti iṣẹ́ tèmi náà.

Òjò kan rọ̀ láàárín ọyẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo na àtàǹpàkò, búlúù kan èékánná. Mo gbé Àgbà jáde, inú mi ń dùn, mo ń kọrin. Mo ti nu gíláàsì nínú òkùnkùn kí oòrùn tó yọ, mi ò nù ún tán dáadáa, n kò mọ̀. Mo kà, mo kọ, mo kà, mo kọ. Nígbà tó di aago mẹ́jọ kọjá díẹ̀, oòrùn tàn sí ẹnu ọ̀pá idẹ náà láti ẹ̀gbẹ́, mo sì rí i: gíláàsì Àgbà ní àbàwọ́n, ìrì àná ti gbẹ sí i lára.

Ìyá mi ní Ìkìrun, gíláàsì àtùpà ni wọ́n ń tà. Láti ìgbà tí mo ti lè dá dúró ni mo ti ń nu gíláàsì. Bí eruku bá wà lára rẹ̀ nígbà tí oníbàárà dé, ẹ̀yìn ọwọ́ ìyá mi ló máa kọ́kọ́ kí mi. O máa la ẹnu, o máa mí sí i, háà, o máa fi etí ìró nù ún. Ohun tí mo ṣe nìyẹn. N kò rò ó. Ẹnu mi ló là fúnra rẹ̀. Mo mí háà sójú Àgbà, mo sì fi etí ìró mi nù ún mọ́ tónítóní, láàárín iṣẹ́.

Kí n tó ju ìró sílẹ̀ ni mo ti mọ ohun tí mo ṣe. Báírò pupa wà lápò mi. Mo mú un jáde, mo wò ó, mo sì dá a padà sápò. Mo ní bí Ọ̀gá bá rí i pé mo nu gíláàsì láàárín iṣẹ́, wọn kò ní fọkàn tán mi mọ́. Mo ń bá kíkà lọ pẹ̀lú búlúù.

Nígbà tí mo fi àmì sórí pépà, wọn kò tò sórí ilà kan. Ìdá kìíní tò sísàlẹ̀, ìdá kejì tò sókè rẹ̀ díẹ̀. Mo fi rúlà fa ilà kan gba àárín àwọn méjèèjì, mo ní ọyẹ́ ló fà á. Nọ́ńbà tó jáde ga ju ti èṣí lọ, ó ga ju ti gbogbo ọdún tó wà nínú ìwé lọ. Ta ló ti rí i kí ojú àgbà máa mọ́ sí i? Ó yẹ kí n ti fura. Mo lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá ní ọsibítù, báńdéèjì wà lójú wọn, mo ní, "Ilà náà gún, sà." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n fi ọwọ́ wá ọwọ́ mi, wọ́n bọ̀ mí lọ́wọ́. Ọ̀nà ilé jìn lójú mi lọ́jọ́ náà.

A fi nọ́ńbà yẹn tún ẹ̀rọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe, wọ́n sì kó wọn padà lọ. Kò pẹ́, lẹ́tà dé láti ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n ní ẹ̀rọ ń sọ pé oòrùn ọ̀dọ̀ àwọn ti dín kù.  Dáírẹ́tọ̀ kò rí àṣìṣe níbẹ̀ o, ìròyìn ló rí. Ó ní oòrùn ń ṣá lórí ilẹ̀ wa, òun sì fẹ́ pe àwọn oníwèé ìròyìn. Ó kọ ìwé gígùn kan, kò kù ju kí Ọ̀gá Osaro fọwọ́ sí i lọ, nítorí pé orúkọ wọn làwọn ènìyàn gbà gbọ́ lórí ọ̀rọ̀ oòrùn. Ó ní bí ìròyìn yìí bá jáde, òun kò ní pa iṣẹ́ orí òrùlé rẹ́ mọ́.

Ẹ wo ibi tí mo wà. Bí mo bá dákẹ́, iṣẹ́ wa yóò là, ṣùgbọ́n irọ́ mi ni Ọ̀gá mi yóò fi orúkọ ara wọn tì lẹ́yìn. Bí mo bá sọ̀rọ̀, ó ṣeé ṣe kí èmi àti Ọ̀gá jọ máa lọ sílé. 

Ọ̀gá Osaro dé lọ́jọ́ ajé pẹ̀lú báńdéèjì lójú kejì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe, ti àkọ́kọ́ kò tíì ríran kàwé. Wọ́n gbé ìwé náà síwájú wọn àti báírò. Wọ́n ní, "Kí n tó fọwọ́ sí i, Ìyá Táyọ̀, gbé ìwé òòjọ́ wá. Pupa mélòó ló wà ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn?"

Mo ní, "Kò sí, sà."

"Kò sí. Wákàtí mẹ́ta lórí òrùlé, o ò ṣe nǹkan kan?" Wọ́n bọ́ àkẹtẹ̀, mi ò rí i kí wọ́n bọ́ ọ rí. "Ka nọ́ńbà fún mi. Rọra kà á."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. "Ọ̀kànlélógójì. Mẹ́tàdínláàádọ́ta. Méjìléláàádọ́ta. Mẹ́rìndínlọ́gọ́ta. Ọ̀kàndínlọ́gọ́ta." Wọ́n ń mi orí sí ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń gbọ́ orin tó mọ̀. Mo ní, "Mẹ́rìndínláàádọ́rin."

Wọ́n gbé ọwọ́ sókè. "Dúró. Oòrùn ń gun òkè, ìṣísẹ̀ rẹ̀ ń kúrú sí i: mẹ́fà, márùn-ún, mẹ́rin, mẹ́ta. Kí ló dé tó fò ní méje lẹ́ẹ̀kan náà? Kí lo ṣe?"

Dáírẹ́tọ̀ ń wò mí. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Èmi kò lè dákẹ́ mọ́. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Mo nù ún ni, sà. Mo rí àbàwọ́n, mo mí sí i, mo fi etí ìró nù ún. N kò kọ ọ́."

Dáírẹ́tọ̀ fò dìde. Ó ní kí n kó ẹrù mi lónìí. Ọ̀gá Osaro yíjú sí mi. Wọ́n ní, "Aago mélòó lo nù ún?"

"Mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, sà."

"Báírò pupa rẹ dà?"

Mo yọ ọ́ lápò. Láti ọjọ́ yẹn ló ti wà níbẹ̀.

"Kọ ọ́ síbẹ̀ nísinsìnyí. Kọ pé o nù ún, kọ aago rẹ̀, kọ pé òní lo kọ ọ́ àti ìdí tí o kò fi kọ ọ́ lọ́jọ́ náà." Omijé kán sórí ìwé, àmì rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ títí di òní. Nígbà tí mo kọ ọ́ tán, wọ́n ní, "Ó dára. Ní báyìí kì í ṣe àṣìṣe mọ́, ìròyìn ni. Ohun tó wà lẹ́yìn pupa yẹn, gíláàsì tó mọ́ ló kà á. Gbé rúlà. Fa ilà tirẹ̀ lọ́tọ̀."

Mo fà á. Nọ́ńbà tó jáde wálẹ̀ díẹ̀ sí ti èṣí, gẹ́gẹ́ bó ṣe yẹ ojú àgbà.

Dáírẹ́tọ̀ ní òun kò gbà, pé ta ló mọ̀ bóyá irọ́ mìíràn nìyẹn. Ọ̀gá Osaro ní ó sọ òótọ́. Wọ́n ní kó fún àwọn ní àárọ̀ kan tó mọ́. Bí nọ́ńbà tuntun náà kò bá bá ti lẹ́yìn pupa mu, kó pa iṣẹ́ rẹ́, kó sì lé àwa méjèèjì. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni a fi gun òkè lásán, eruku ni, kùrukùru ni. Ní alẹ́ ọjọ́ kẹsàn-án òjò rọ̀. Mo fi etí gbọ́ ọ lórí páànù, mo sunkún, mo rẹ́rìn-ín.

Ní ọjọ́ kẹwàá, wọ́n jókòó lórí àga lábẹ́ agbòòrùn pẹ̀lú báńdéèjì lójú, Dáírẹ́tọ̀ dúró tì wá pẹ̀lú kóòtù. Mo ń ka abẹ́rẹ́ sókè, Ọ̀gá ń mi orí. Kòkòrò kan bà lé gíláàsì ní aago mẹ́jọ, ó fò lọ. Mo yọ báírò pupa, mo kọ kòkòrò. Mo rí i tí ẹnu Ọ̀gá fà sí ẹ̀rín. Nígbà tí mo fa ilà, nọ́ńbà náà jókòó sórí ti lẹ́yìn pupa, ìwọ̀nba irun orí ló wà láàárín wọn. Dáírẹ́tọ̀ mú rúlà lọ́wọ́ mi, òun náà fà á, ó tún un fà. Ó ní, "So the sun no dey die." Ọ̀gá ní bẹ́ẹ̀ ni, pé oòrùn kò ní àrùn kankan. Ó fa ìwé gígùn rẹ̀ ya fúnra rẹ̀, kò sì sọ̀rọ̀ yàrá ìgbàlejò mọ́.

Ìjìyà mi ni pé èmi fúnra mi ló gbé nọ́ńbà tó tọ́ lọ sí ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tí mo sì ṣàlàyé ọ̀rọ̀ etí ìró fún wọn. Ojú tì mí gan-an. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í gbé ẹ̀rọ wọn fún ẹlòmíràn, wọ́n á ní Mama Sun ni àwọn fẹ́.

Àwọn irinṣẹ́ yí padà níṣojú mi. Abẹ́rẹ́ lọ, nọ́ńbà tó ń tàn dé. Pépà onílà lọ, kọ̀ǹpútà dé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé èyí tó ń yí ọrùn tẹ̀ lé oòrùn fúnra rẹ̀ wá, kò sí ẹni tó ń jóná lórí òrùlé mọ́. Mo fẹ́ràn gbogbo wọn. Ọjọ́ tí ẹ̀rọ ayíọrùn yẹn kọ́kọ́ tẹ̀ lé oòrùn láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, mo gbé àga tì í, mo wò ó títí, mo gbàgbé oúnjẹ ọ̀sán. Ohun kan ṣoṣo ló ń bà mí lẹ́rù: kọ̀ǹpútà máa ń ju àmì tí kò bá tò sórí ilà nù, kì í bi ẹnikẹ́ni pé kí ló ṣẹlẹ̀.

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, Ivie ni mo fi Àgbà lé lọ́wọ́, ọmọ Ẹ̀dó tó jẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ, tí mo kọ́ fún ọdún mẹ́fà títí ó fi ń gbọ́ Yorùbá mi. Ọwọ́ tirẹ̀ náà ń sán nígbà ọyẹ́. Lọ́dọọdún ó ṣì máa ń gbé Àgbà gòkè ní àárọ̀ kan, yóò fi ọwọ́ kà á, kí ó lè fi yẹ ẹ̀rọ tuntun wò. Ní ọyẹ́ tó kọjá yìí, mo ń ṣa ẹ̀wà nílé ní Uwasota nígbà tó pè mí. Ó ní ilà Àgbà àti ti kọ̀ǹpútà kò bára mu, pé kọ̀ǹpútà ní kó pa ìdajì àmì rẹ́. Mo ní kó ka nọ́ńbà fún mi. Ó kà, mo ń mi orí sórí ẹ̀wà mi. Ìṣísẹ̀ ń kúrú, ó ń kúrú, lójijì ó fò.

Mo ní, "Dúró, Ivie. Kí lo ṣe níbẹ̀?"

 Ó dà bí ẹni pé èmi ni mo tún kúnlẹ̀ níwájú Ọ̀gá Osaro.

Ó ní, "Mama, bird mess for the glass. I no know when my hand clean am."

"Ṣé o kọ ọ́?"

"I don write am since, Mama. The time dey there. Red biro."

Mo ti àwo ẹ̀wà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ní kó gbé rúlà, kó fa ilà ti ẹ̀yìn pupa lọ́tọ̀, kó sì máa ka ìyókù fún mi.